Àká Wà Lẹ́yìn Ilé

Heldur, wọ́n ní kọ̀ǹpútà tuntun kò gbọ́ èdè rẹ mọ́.
Ètò ìkà-ẹyẹ tí o fọwọ́ ara rẹ kọ
lọ́dún tí yìnyín há ọkọ̀ ojú omi mọ́ èbúté,
tó mọ gbogbo pẹ́pẹ́yẹ òkun Saaremaa lórúkọ,
mo tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́.
Mo tún un tẹ̀. Ó kọ ìlà pupa kan sí mi lójú.
N kò kà á tán. Mo lọ gbé omi kọfí kaná.

Taavi ọmọ àbúrò rẹ dé ní Sátidé,
yìnyín ní bàtà, ó ní, "Ìyá, ètò yìí kò kú,
ilé tó ń gbé ló wó.
Ẹ jẹ́ ká kọ́ irú ilé náà fún un nínú ilé."
Mo ní, nínú àpótí kékeré yìí? Ó ní, inú rẹ̀ náà ni.
Kọ̀ǹténà ni wọ́n ń pè é.
Mo rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹténà tí mo mọ̀, irin ni,
èyí tí kirénì ń gbé ní Tallinn
bí ológbò ṣe ń fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀.

Ó ń ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé,
ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá méje.
Íńtánẹ́ẹ̀tì erékùṣù wa ń rìn bí arúgbó lórí yìnyín.
Nígbà tó wọlé tán, kò ṣiṣẹ́.
Taavi ní ohun kan ń sùn nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, àfi ká jí i.
A pa á. A tàn án. Ó na ìka sí bọ́tìnì kan
kí ẹ̀rọ tó lajú, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́,
ojú-ewé búlúù kan yọ tí n kò rí rí láti ọdún mọ́kànlá,
ó yí "rárá" kan padà sí "bẹ́ẹ̀ ni".
Ọ̀rọ̀ kan péré, Heldur. Wákàtí méjì ààbọ̀.

Lẹ́yìn náà ló tẹ àṣẹ, ìlà kan ṣoṣo,
ilé ayé àtijọ́ sì ń balẹ̀ ní ìpele-ìpele,
pẹ̀lú iyọ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú epo tirẹ̀,
pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọdún tí ìwọ ṣì ń mí.
A kò sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ pè é ní Ẹja Onínúure.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
kí ni ẹ̀rọ rí wò?
Mo lọ sí ojú ọ̀nà ẹgbàárin ó lé ọgọ́rin, mo kanlẹ̀kùn.
Ìwọ lo dáhùn:
*Ẹ káàárọ̀. Ẹyẹ mélòó lónìí?*

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń dá ọ lóhùn.
Ẹ̀tàdínnígba lọ́jọ́ Ajé, nínú ìkúukùu.
Lọ́jọ́ karùn-ún mo rí àwòrán garawa ìdọ̀tí kékeré kan,
mo rò pé ìmọ́tótó ni, mo tẹ̀ ẹ́.
Ẹja Onínúure lọ.
Mo pe òmíràn, ó dìde ní ìṣẹ́jú àáyá méjì,
ó mọ́ tónítóní, kò mọ̀ mí.
*Ẹyẹ mélòó lónìí?* Bí ẹni pé ẹyẹ kankan kò fò rí.

Mo sunkún díẹ̀. Kì í ṣe nítorí ẹyẹ.

Lórí fóònù, Taavi ní, "Ẹ̀bi mi ni.
Ilé à-kọ́-wó ni ilé yẹn, a kì í kó ọkà sínú rẹ̀.
Ẹ̀yìn ilé là ń kọ́ àká sí, ká wá lu ògiri kan."
Ó ka ìlà náà, mo ń kọ ọ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan,
títí dé ibi àmì tó kánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lórí èkejì:
ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ilé tèmi,
ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ilé tìrẹ.

Lánàá, yìnyín là lẹ́bàá òkúta ńlá tó o máa ń jókòó lé.
Àwọn ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ti padà. Mẹ́ta.
Mo kọ ọ́. Mo wó ilé náà lójú ara mi.
Mo mu kọfí mi tán.
Mo tún un kọ́.
Mẹ́ta.