Ẹlẹ́nu Ṣíbí

Ọyẹ́ bo ọ̀sà Àjàṣẹ́ bí aṣọ tí a kò tíì fọ̀.
A kò rí afárá;
ariwo alùpùpù orí rẹ̀ nìkan là ń gbọ́.
Hùnkpè ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀,
ọ̀pá ló ń bá ẹrẹ̀ sọ̀rọ̀.
Èmi jókòó níwájú, ìwé lórí itan,
awò awọ̀nàjíjìn lọ́rùn mi.

A ti ka igba ó lé mẹ́tàdínlógún,
àwọn tó dà bí ẹni pé ẹfun ni wọ́n fi lé tìróò.
Ọdọọdún ni wọ́n ń wá,
àlejò tó ti mọ ibi tí àmù wà.

Ni ọ̀kan bá yà kúrò lára wọn,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàjà tí àwọn ará Lúhó rì sómi.
Orí rẹ̀ dúdú. Mo kọ ọ́ pé dúdú.
Oòrùn yọjú díẹ̀,
orí di àwọ̀ ìgò ọtí.
Àyà funfun, ìhà pupa bí páànù tó dípẹtà,
ṣùgbọ́n ẹnu!
Ta ló fi ṣíbí rọ́pò ẹnu ẹyẹ yìí?
Ó tẹ́ ẹ sójú omi, ó ń gbá a lọ, ṣùù, ṣùù,
bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé tó ń gbá ojúde àna.

Mo ní, "Hùnkpè, kí lèyí?"
Ó ní, "Pẹ́pẹ́yẹ."
Mo ní, "Pẹ́pẹ́yẹ ta?"
"Ti ìyá Rafiátù, tó sọnù lọ́jọ́ Iléyá."
Ẹ̀rín gbọ̀n mí, mo gbé e mì.

Mo ṣí ìwé àwòrán, afẹ́fẹ́ ṣí i padà.
Orúkọ Faransé wà níbẹ̀, ó gùn gbọọrọ;
tiwa kò sí.
Ìgbà náà ni Hùnkpè dá ọ̀pá dúró:
"Bó bá fò, èjìká ni kí o wò.
Bó bá jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run kí ọyẹ́ tó dé,
a jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n.
Àwọ̀n bàbá mi mú ọ̀kan rí,
òrùka irin lẹ́sẹ̀, ìwé wínníwínní lára òrùka.
Kò sẹ́ni tó lè kà á.
A jẹ ẹyẹ náà. Òórùn ẹrẹ̀ ló ń run.
Òrùka ṣì wà lára kọ́kọ́rọ́ àpótí."

Kí n tó dáhùn, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan kọjá.
Gbogbo omi dìde,
igba ó lé mẹ́tàdínlógún ìyẹ́,
bí ẹní tí a gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Mo wá èjìká láàárín èjìká.
Mo rí i.
Tàbí ó wù mí kí n rí i.

Mo kọ ọ́: ọ̀kan, akọ.
Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ:
Ẹlẹ́nu Ṣíbí.
Hùnkpè pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń pè é ní Gùn;
mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, ó fi ahọ́n mi rẹ́rìn-ín.
Ó ní lọ́la òun yóò mú kọ́kọ́rọ́ náà wá,
bóyá ojú mi á lè ka
ìlú tí wọ́n kọ sẹ́sẹ̀ ẹyẹ.