Ìwé Gbèsè Nomin

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lẹ́yìn àgọ́ wa,
tí àwọn ewúrẹ́ ń fara ha òpó bí ẹni tí aṣọ òtútù ti sú,
mo fi ọ̀kan lé Nomin lọ́wọ́: abo pupa, oníwo kan.
Mo ní, "Tìrẹ nìyí. Ya irun rẹ̀, tà á,
kó o lè mọ ohun tí owó jẹ́."
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fi jọba.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kúnlẹ̀ ti ewúrẹ́ yẹn
pẹ̀lú òòyà onírin, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má tàpá.
Irun tó rí kó jọ kò kún fìlà mi.

Oníṣòwò dé láti Arvaikheer, ọkọ̀ rẹ̀ ń tu eruku.
Ó gbé irun náà sórí òṣùwọ̀n, ó pe iye kan.
Èmi ti fẹ́ gbà; gbígbà ti mọ́ mi lára.
Nomin ní, "Ẹ gbé e kúrò ná, ká wo òṣùwọ̀n lófìfo."
Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò padà sí òdo.
Ọkùnrin náà wúkọ́. Ó fi ẹgbẹ̀rún túgíríkì díẹ̀ lé e.

Lálẹ́, tíì oníwàrà ń hó lórí sítóòfù,
ó tẹ́ owó rẹ̀ sórí ibùsùn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó gbójú sókè: "Bàbá, èló ni tiyín?"
Mo ní kó lọ sùn.
"Àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"
Oyuun, ìyá rẹ̀, ń ro tíì tí kò nílò rírò mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ yín lọ́rọ̀ owó,
mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn kí wọ́n máa fi pa mọ́.
Èyí tí mo fi pa mọ́ fún tèmi wà nínú àpótí pupa,
lábẹ́ fọ́tò ìyá mi.
Ọdún tí ẹran wa kú lórí ìdúró nínú yìnyín,
a yá owó koríko. Ọdún kejì, a yá owó san owó.
Mo ṣí i. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè, ojú owó àti èlé,
títí dé ìlà tó ní: ewúrẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́fà, ìdógò.
Ó fi ìka tọ ìlà náà. "Abo oníwo kan ń kọ́?"
Mo ní ó wà nínú rẹ̀.
"Ewúrẹ́ báńkì lẹ fún mi."

Ojú tì mí ju ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé lọ.

Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún.
Ó ya ojú ewé kan nínú ìwé ìṣirò rẹ̀,
ó kọ orúkọ mi, ó kọ iye tó wà lórí ibùsùn.
Ó ní mo lè yá a, àmọ́ owó bàtà yìnyín ni,
nítorí náà, oṣù kẹsàn-án, kí ilẹ̀ tó tutù.
"Èlé ń kọ́?"
Ó ronú títí. Ó ní kí n máa ka ìwé inú àpótí yẹn
fún òun lóṣooṣù.

Mo fọwọ́ sí i. Oyuun ṣe ẹlẹ́rìí.

Òní ni oṣù kẹsàn-án wọlé.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ajá tó gbó.