Naduk Wá Ra Ẹ́ńjìnnì

Naduk, jókòó sórí àpótí ẹja yẹn, kò ní fọ́.
Má wo ọwọ́ mi tó dúdú; ọ́ìlì ọgbọ̀n ọdún ni,
ọṣẹ bá a jà títí, ọṣẹ túúbá.
O ní owó ẹja pẹlẹbẹ ìgbà òtútù ti pé,
o fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì tìrẹ kọ́ ìdí ọkọ̀:
ṣé onígbésẹ̀-méjì ni, àbí onígbésẹ̀-mẹ́rin?

Wo èyí tó rọ̀ mọ́ pákó lọ́hùn-ún.
Ti bàbá rẹ ni, kí eékún tó ní kó jókòó sílé.
Písítìnì gòkè, ó sọ̀, ó parí.
Kò ní ikùn tí ń gba ọ́ìlì sí,
inú epo la ti ń pò ó mọ́ ọn, bí ẹní ń po oògùn ọmọdé:
àádọ́ta lítà epo, lítà ọ́ìlì kan.
Bó bá lé, èéfín á bò ọ́ lójú, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí.
Bó bá dín, písítìnì á gan mọ́ ilé rẹ̀
níbi tí kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ igbe rẹ.
Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ẹran òkun ti gbọ́ ọ láti àná.

Èyí tó ń dán yìí, onígbésẹ̀-mẹ́rin ni:
ó fà, ó fún, ó jó, ó tú síta,
jẹ́jẹ́, bí ìyá àgbà tí oorun gbé lọ lórí àga.
Epo tí ti bàbá rẹ ń mu lọ, òun á mu ún lọ, á mu ún bọ̀.
Bó o bá fẹ́ sún mọ́ puisi, ẹran òkun olórí rogodo,
òun ni kó o lò, kò ní ta á lólobó.
Àmọ́ ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.
Ọgọ́rùn-ún wákàtí, o ti gbọdọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì inú rẹ̀.
Bó o bá fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀, bèèrè ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ràn.
Ó sì wúwo. Gbọ́ mi: ó wúwo.

Ọdún tí wọ́n bí ọ, afẹ́fẹ́ yí padà lójijì,
yìnyín pa omi dé bí ìdérí ìkòkò.
Èmi àti Inunnguaq tú ẹ́ńjìnnì, a gbé e,
a padà wá wọ́ ọkọ̀,
a tún gbé, a tún wọ́,
bàbá rẹ ń kọ orin kan tí mi ò ní sọ fún ọmọ rẹ̀.
Nígbà tá a máa fi rí omi dúdú, ìka wa ti kú.
Ó wé okùn mọ́ ìgbọ̀nwọ́, ó fi gbogbo ẹ̀yìn fà á.
Lẹ́ẹ̀kan.
Lẹ́ẹ̀kejì.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì wúkọ́.
Mi ò tíì gbọ́ ikọ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò ní kó o ra ti àtijọ́ o.
Yìnyín ayé ìgbà yẹn kọ́ nìyí; ó ń pẹ́ dé, ó ń tètè lọ.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bá ọ lọ?
Ìwọ nìkan.
Ó dáa.

Èyíkéyìí tó o bá mú, fi omi tí kò níyọ̀ fọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.
Máa wo ìdí rẹ̀: kó máa tọ̀ geere bí ọmọdékùnrin.
Ọjọ́ tí kò bá tọ̀, pa á lójú ẹsẹ̀.
Bí ọ́ìlì ìsàlẹ̀ bá funfun bíi wàrà, omi ti wọlé.
Epo tó sùn mọ́jú ọdún, má fọkàn tán an.
Mú púlọ́ọ̀gì méjì dání, mú okùn, mú

Naduk ò gbọ́ mọ́. Ó ti dìde.
Ó tẹ eékún, ó dì mọ́ èyí tó ń dán,
ó gbé e kúrò lórí igi, ojú rẹ̀ pọ́n,
ó rìn, ó gbé e sílẹ̀ lóòró, bó ṣe tọ́.
Mo kà á: ìgbésẹ̀ mẹ́ta.

Kì í ṣe méjì, kì í ṣe mẹ́rin.
Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gbèsè mi.
Mo ní, ọmọ Inunnguaq,
fi ìgbésẹ̀ kan kún un kí omi tó dì.