Ẹni Tó Lóṣòó Sẹ́nu Ọ̀nà

Bọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ rí i, ọmọ tó ń bá mi tẹ ìwé.
Ó gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó ní,
"Mà, ọkùnrin yìí mà tún ti dé."
Mo ní, "Ọkùnrin wo?"
"Ẹni tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà.
Nínú ìwé kìíní, ó ń retí ọmọ rẹ̀.
Nínú ìkẹta, ó ti di obìnrin,
ó gbé abọ́ tánganran kan dání, aláwọ̀ ewé, tó ti bó létí.
Nínú ìkarùn-ún, òjò ń pa á, ẹnikẹ́ni ò ṣílẹ̀kùn.
Kí ló dé tí wọn kì í wọlé?"

Inú bí mi díẹ̀. Mo ní kó lọ wá nǹkan jẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí iná lọ, tí gbogbo Ìṣọ́kùn dákẹ́,
àfi jẹnẹrétọ̀ kan tó ń húkọ́ lápá Ìrojò,
mo kó ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ẹní,
mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń tú wọn wò
bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ.
Wọ́n wà níbẹ̀.
Ẹnu ọ̀nà mẹ́rìndínlógún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Abọ́ yẹn, mẹ́rin.
Òjò ò lóǹkà.
Mo tilẹ̀ ti pa ọkùnrin náà rí, lójú ewé ọgọ́rin,
mo sin ín dáadáa;
nínú ìwé tó tẹ̀lé e, mo fún un lórúkọ mìíràn,
mo fi irùngbọ̀n lé e.
Mo rò pé mo gbọ́n.
Èmi tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ iléèwé pé
ẹni tó ń sọ ìtàn kan náà lásọtúnsọ, ọ̀lẹ ni.

Òṣómàáló ni bàbá mi.
Ó ń ta aṣọ láwìn dé Ìdóàní, dé Kàbbà;
bí oṣù bá parí, á padà lọ sin owó rẹ̀.
Kì í jà. Kì í pariwo.
Yóò kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí ojú yóò fi ti ilé.
Mo tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí.
Obìnrin tó jẹ ẹ́ lówó bu omi wá fún mi
nínú abọ́ aláwọ̀ ewé.
Omi nìkan ló kù tó ní.
Bàbá mi wo omi, ó wo obìnrin náà.
Òjò ṣú. Ó dìde, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti kú,
ó ní, "Ó yá, jẹ́ ká máa lọ."
Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ títí tó fi kú.
Èmi náà ò bi í.
Ṣé àánú ni, àbí ó ti rẹ̀ ẹ́?
Ìwé mẹ́fà ni mo ti fi ń bi í.

Bọ́sẹ̀dé dé láàárọ̀, ó tan ẹ̀rọ.
"Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nínú eléyìí, mà?"
Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì.
Mo ní, "Fi í sílẹ̀.
Ṣùgbọ́n bá mi wá àpótí kan fún un, kó fìdí lé e.
Orúnkún ń dun àgbà."