Ojú Abẹ́rẹ́ Keje

Òjò Coventry kì í pariwo.
Ó ń kán sórí páànù bí ẹni ń ka owó
tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.
Lábẹ́ páànù náà ni mọ́tò eré ìje kan jókòó sí,
imú gígùn, ìdí kúkúrú, àyè ẹni méjì péré;
a ti tú inú rẹ̀ bí inú ẹja.

Ọ̀gá mi, Hesba Tranter, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
ní, "Má fà á ya.
Bí a ṣe ń ṣí aṣọ kúrò lójú egbò ni kí o ṣí i."

Ẹnìkan ti da awọ dúdú bo gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́,
ayédèrú awọ tó ń rùn bí bàtà òjò.
Mo fi ọ̀bẹ tín-ín-rín gbé etí rẹ̀,
mo yọ ìṣó wẹ́wẹ́, igba ó lé mẹ́rin,
mo kó wọn sínú agolo bísíkíìtì.
Abẹ́ rẹ̀ la ti bá a.
Pupa.
Kì í ṣe pupa ata, kì í ṣe pupa ẹ̀jẹ̀,
pupa inú obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa,
tí atẹ́gùn kò tíì bà jẹ́.

Lẹ́yìn páálí ilẹ̀kùn, ẹnìkan fi pẹ́ńsù kọ ọ́:
*Ivy. Ọjọ́ Ẹtì. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.*

Hesba kò fọhùn.
Ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà ìránṣọ náà bí afọ́jú tó ń kàwé.
Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́fà gún régé,
ìkeje yà,
bí ẹni tó yẹ omi sílẹ̀ lójú ọ̀nà,
lẹ́yìn náà ó padà.
Ìlà kejì, ìkeje yà.
Ìjókòó ọ̀tún, ti òsì: ìkeje, ìkeje.

Dókítà Pinnock, tó ni mọ́tò, gbọn agbòjò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
"Bó ṣe wà lọ́jọ́ tó jáde nílé-iṣẹ́ ni mo fẹ́,
kí àwọn adájọ́ ìdíje má rí nǹkan kan tọ́ka sí."
"Bó ṣe wà gan-an?"
"Gan-an."
"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ ìránkúrán."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ́ wíwọ́.
Ọwọ́ tó ti ń gún régé láti àádọ́ta ọdún
kò mọ ibi tí a ń gbà yà.
Ó rán, ó tú, ó rán, ó tú.
Ó wọ́ jù: iṣẹ́ ọ̀mùtí.
Ó wọ́ díẹ̀: àṣìṣe Hesba ni, kì í ṣe ti Ivy.
Mo rẹ́rìn-ín. Ó ju kẹ̀kẹ́ òwú lù mí.
"O rò pé ó rọrùn láti jẹ́ ẹlòmíràn?"

Ilé-iṣẹ́ tí Ivy ti ránṣọ, wọ́n ti wó o;
ṣọ́ọ̀bù tó ń ta bẹ́ẹ̀dì ló wà níbẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ kẹrin, Hesba mú bàtà onígìgísẹ̀ kan dé,
èyí tó wọ̀ lọ síbi ìsìnkú àbúrò rẹ̀, tó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.
Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ
láti àárọ̀ títí aago mẹ́rin fi lù.
Kò rán nǹkan kan tó dáa. Kò bọ́ bàtà.
Nígbà tó yá, lẹ́yìn ojú abẹ́rẹ́ mẹ́fà,
ọmọ ìka rẹ̀ ké, ẹsẹ̀ yí díẹ̀ lórí àtẹ̀mọ́lẹ̀,
abẹ́rẹ́ fò, ó padà.
"Áà," ó ní. "Ivy. Ìwọ rèé."

Ó rán ìjókòó méjèèjì tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí a tó kan páálí ilẹ̀kùn padà,
ó gba pẹ́ńsù etí mi,
ó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn:
*Hesba. Ọjọ́ Ajé. Tèmi náà.*

Ó wá ní kí n lọ gbé omi kaná.
Mo na ọwọ́ sí ife.
"Rárá," ó ní, "bàsíà. Kì í ṣe fún tíì."