Ìwé Tí Wọn Kì Í Gbowó Lé

Ìdájí ni mo ti kúrò létí ọ̀sà Àjàṣẹ́,
àpò ìwé lábíyá mi bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.
Mo ní kí oní-sẹ́míjàn rọra,
òjò àná ṣì dùbúlẹ̀ sínú kòtò ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀.

Ìwé ìgbéyàwó wa láti mẹ́rì wà nínú àpò,
àti àwòrán Sefẹrínò níbi tó ti di ìyá mi lọ́wọ́ mú,
tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀;
ìwé pé ọmọ Potogí ni,
ìwé pé táìlì ló ń lẹ̀ ní Bọ̀dó nílẹ̀ Faransé,
ìwé iná ilé tí n kò tíì fojú kàn.

Ọkùnrin ẹ̀yìn dígí ní, "Owó físà dà?
Ìwé báńkì dà? Òtẹ́ẹ̀lì wo lẹ máa sùn?"
Òtẹ́ẹ̀lì!
Mo ní, "Ọ̀gá, ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀dì."
Mo ní, "Ọmọ Yúróòpù tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀,
tó ń gbé ní ìlú Yúróòpù mìíràn,
òfin ní kí ìyàwó rẹ̀ bá a níbẹ̀,
kí ẹ yára dá a lóhùn, kí ẹ má gba sẹ́fà kan."
Ó wò mí bí ẹni tí ẹja kí ní "Ẹ káàárọ̀".
Ó wọlé lọ. Ó pẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn.
Nígbà tó jáde, ó ní wọ́n ti gba ìwé,
ó tún bojú wo orúkọ ọkọ mi, ó ní,
"Siléirà. Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

Ilé Àgùdà mẹ́ta ló ń jẹ́ Siléirà ládùúgbò wa.
Wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ ọ́ sókè ilẹ̀kùn, òdòdó yí i ká,
ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀.
Láti kékeré ni mo ti ń ka orúkọ náà
bí wọ́n bá rán mi níyọ̀.
N kò mọ èyí tí mo lè sọ nínú rẹ̀ fún un.

Nírọ̀lẹ́ mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Pelaji ní Wàńdò.
Jámánì ni ọkọ tirẹ̀, Jámánì náà ló ń gbé,
nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́, kò kúrò níbẹ̀ rí.
Nítorí náà òfin tèmi kò mọ Pelaji.
Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè wọn kó tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ nítòsí.
Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì,
ìdánwò kẹta ló ń múra fún,
ó ń kí máṣíìnì ìránṣọ ní èdè Jámánì.
"Ṣé bí Yọ́ọ̀gì bá kó ẹrù lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, èmi náà di ìwọ?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.
"Àmọ́ bó bá jókòó sílé bàbá rẹ̀?"
Mo ṣa abẹ́rẹ́ kan tó jábọ́, mo fún un.
Níbí, onílé ló ń gbé àga fún àlejò.
Lọ́hùn-ún, àlejò ti jókòó tán,
onílé ń wá àga tí ìyàwó rẹ̀ yóò jókòó sí.

N kò gbọdọ̀ yangàn.
Ẹ̀tọ́ tí mo ní, ẹsẹ̀ Sefẹrínò ló wọ̀ ọ́ bíi bàtà.
Bí mo bá dá rìn, wọn á ní, "Ọkọ dà?"
Mo sọ èyí fún un lórí fóònù lálẹ́, ó dákẹ́,
mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi èékánná ha sìmẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́.
Ó ní, "Mi ò ní rìn jìnnà."

Ìyá mi ní, "Wọ́n gbà?"
Mo ní wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.
Ó ń ṣa ìrẹsì, kò gbójú sókè.
"Àwọn Potogí ìgbà yẹn," ó ní,
"tó gba orí omi wá, tó fún wa ní Pọ́tónófò tí a kò bèèrè,
tó kó èèyàn lọ láìkọ orúkọ wọn sílẹ̀,
ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi dúró létí ọ̀sà
ká tó ní kí wọ́n máa bọ̀?"
Ó ju òkúta kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Adìẹ sáré lọ wò ó.