Ilé Fún Ẹni Tí Mo Wó Ilé Rẹ̀

Ní Ológunẹ̀rú, lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ti ọkọ́ bọ ilẹ̀
tí mo fi ọdún mọ́kànlá san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ra ẹ̀wà,
Láṣùpọ̀ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ sọ ọkọ́ nù, ó fò sẹ́yìn:
ó ní ọwọ́ onírun kan jáde nínú ilẹ̀.

Aláǹtakùn ni. Ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún,
àwọ̀ rẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò kàn.
Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè
bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun: "Ta nìyẹn?"
Láṣùpọ̀ ní ká lù ú pa.
Mo wo ihò rẹ̀ tí ọkọ́ ti là sí méjì.
Òwú funfun ló fi tẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀, ó dán bí inú fìlà tuntun.
Ilé ẹni ni mo wó.

Inú ike bọ́tà ni mo fi gbé e wá sí Òkè-Àdó.
Gíláàsì ni iṣẹ́ mi, mo ń gé e fún fèrèsé onífèrèsé.
Ìyàwó mi ní, "Ṣé tirẹ̀ lo máa kọ́ ṣáájú tiwa?"
N kò fèsì.

Má kọ́ ọ ga. Ọ̀gá Adégbilé ló kọ́ mi,
tó ń tọ́jú kòkòrò sínú ìgò ní Yunifásítì, tí mo bá tún fèrèsé ṣe.
Ẹni tó ń gbé inú ilẹ̀ kò fẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì:
bó bá gun ògiri tó já, ikùn rẹ̀ á bẹ́ bí tòmátì.
Jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ gba àpótí náà ju ìdajì lọ dáadáa.

Inú kòtò yẹn gan-an ni mo padà lọ bu iyẹ̀pẹ̀.
Mo fi ajọ̀ gàrí jọ̀ ọ́ (ìyàwó mi kò tíì mọ̀),
mo po yanrìn díẹ̀ mọ́ ọn, mo wọ́n omi sí i
títí tó fi dì mọ́ra lọ́wọ́ bí ẹ̀bà,
mo fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìpele lórí ìpele.
Iyẹ̀pẹ̀ tó bá tú á ya lé onílé lórí.
Lókè kó gbẹ. Lábẹ́ kó tutù.

N kò gbẹ́ ilé náà fún un. Ta ni mí?
Mo kàn fi ìdí ṣíbí bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀
lábẹ́ èèpo igi kòkó kan. Ìyókù di tirẹ̀.
Ọmọrí ìgò ni àmù rẹ̀.
Mo fi ìṣó gbígbóná lu ìdérí, mo gbé bíríkì lé e.
N kò tan iná sí i; ooru Ìbàdàn tó o.

Ó jókòó sí igun fún òru méjì.
Nígbà tí ilẹ̀ kẹta mọ́, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kékeré wà lẹ́nu ihò,
bí èyí tí Láṣùpọ̀ kó jọ.
Lẹ́yìn náà ó fi òwú dí ilẹ̀kùn,
ó di ọjọ́ mọ́kàndínlógún.
Ìrẹ̀ tí mo jù sí i ń rìn kiri lórí òrùlé ẹni ẹlẹ́ni; mo mú un jáde.
Móròúnkéjì, ọmọ mi, bèèrè pé, "Bàbá, kí la wá ń sìn?"
Ìyá rẹ̀ ní, "Iyẹ̀pẹ̀."
Ó ṣe mí bíi kí n tú u wò.
Ọ̀gá Adégbilé ní ẹni tó ń bọ́ awọ, a kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì.
Láàárín èmi àti òun, n kò mọ ta ni onílé.
Ọwọ́ mi ni ìwé ilẹ̀ wà. Òun ló ń gbé ibẹ̀.
Sìmẹ́ǹtì ti wọ́n. Ewúro ti hù
nínú yàrá tó yẹ kó jẹ́ ti Móròúnkéjì.

Lánàá iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń lọ mu omi.
Òwú ti ya. Orí ẹsẹ̀ mẹ́rin yọ lẹ́nu ihò, wọn kò mì,
bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé fèrèsé ara rẹ̀ tó ń wo àdúgbò.
Mo yára pa tọ́ọ̀ṣì,
kí iná mi má baà wọ ilé onílé.